Ọ̀sìn Oyin: Àpótí Tó Yẹ Kí Ẹ Kàn àti Bí A Ṣe Ń Tọ́jú Rẹ̀

Ọ̀pọ̀ nínú yín ló ti ń béèrè lọ́wọ́ àwọn òṣìṣẹ́ tó ń bẹ̀ yín wò lóko pé, "Àwa tí a ò fẹ́ fi ọ̀sìn oyin ṣe iṣẹ́ òòjọ́, tí a kàn fẹ́ ní àpótí méjì mẹ́ta lẹ́yìn oko kajú wa, kí ni ká rà, kí ni ká fi sílẹ̀?" Ìbéèrè gidi ni. Ẹni tó bá kọ́kọ́ náwó sórí ohun tí kò yẹ, owó rẹ̀ á lọ, ohun ọ̀sìn rẹ̀ á sá lọ, á wá máa sọ káàkiri pé ọ̀sìn oyin ò lérè. Ohun tí ẹ̀kọ́ yìí dá lé nìyẹn.

Kí a tó wọ inú ọ̀rọ̀, Yorùbá ń pe kòkòrò náà ní oyin, a sì tún ń pe ohun dídùn tó ń ṣe ní oyin. Kí ọ̀rọ̀ má baà lọ́ pọ̀, bí a bá ti sọ pé "kòkòrò" níhìn-ín, èyí tó ń ta ènìyàn là ń sọ. Bí a bá sọ pé "oyin", èyí tí à ń lá ni.

ÌWÀ KÒKÒRÒ ILẸ̀ WA

Kòkòrò ilẹ̀ wa kéré díẹ̀ sí ti ilẹ̀ àwọn òyìnbó, ṣùgbọ́n ara rẹ̀ yá, inú rẹ̀ sì tètè máa ń bí. Bí ọ̀kan bá ta ènìyàn, òórùn kan máa ń jáde lára rẹ̀ tó dà bí òórùn ọ̀gẹ̀dẹ̀ pípọ́n. Òórùn yìí ló ń pe àwọn ìyókù wá sí ìjà. Nítorí náà, ẹ má jẹ ọ̀gẹ̀dẹ̀ kí ẹ tó lọ sídìí àpótí o, n kò fi ṣeré. Ìwà rẹ̀ kejì ni pé kì í jókòó síbi tí ìyà bá ti ń jẹ ẹ́. Èèrà, oòrùn gangan, ebi, òjò tó ń jò sínú ilé, ẹni tó ń ṣí i wò lójoojúmọ́: ọ̀kan ṣoṣo nínú wọn tó láti lé e lọ. Òtútù tí ń pa wọ́n nílẹ̀ òyìnbó kò sí nílẹ̀ wa, kò sí oṣù tí wọn ò lè kó ẹrù wọn.

Ìbínú àti sísá lọ, àwọn ìwà méjèèjì yìí ló yẹ kí ẹ rò mọ́ ọn nígbà tí ẹ bá fẹ́ yan àpótí. Kì í ṣe ẹwà rẹ̀, kì í sì í ṣe pé òyìnbó ló ń lò ó.

ÀPÓTÍ WO NI KÍ A LÒ?

Àwọn bàbá wa fi ìkòkò amọ̀, akèrègbè àti ìtì igi oníhò gba kòkòrò. Kò sí owó ńlá nínú rẹ̀, kòkòrò sì fẹ́ràn wọn. Àléébù wọn ni pé àfi kí a ya gbogbo afárá kí a tó rí oyin mú, àti ti oyin àti ti ọmọ. Ẹlòmíràn á tiẹ̀ fi iná sí i lóru. Ẹ̀yin náà mọ bó ṣe ń rí lóṣù Kejì: iná tí ẹnì kan dá nítorí oyin ìgò méjì á jó oko kókó ẹni tí kò mọwọ́ mẹsẹ̀.

Àpótí kejì ni èyí tí wọ́n ń fi orúkọ Langstroth pè. Lorenzo Langstroth jẹ́ àlùfáà ìjọ ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, ọdún 1852 ni wọ́n fún un ní ìwé àṣẹ lórí àpótí náà. Ó ní férémù onígun mẹ́rin tí a ń tò sínú àpótí, a sì lè gbé àpótí kan lé èkejì. Bí a bá kórè, ẹ̀rọ kan wà tó ń yí férémù náà bìrìbìrì títí oyin á fi já jáde, tí a ó sì dá afárá padà fún kòkòrò. Ohun dáradára ni. Oyin rẹ̀ máa ń pọ̀, nítorí kòkòrò kò ní máa ṣe ìda tuntun ní gbogbo ìgbà. Ṣùgbọ́n férémù rẹ̀ fẹ́ káfíńtà tí ọwọ́ rẹ̀ mọ́ gan-an, ó fẹ́ ìda pẹlẹbẹ tí wọ́n ti tẹ ojú sí, ó sì fẹ́ ẹ̀rọ tó ń yí. Àléébù tó wá kan àwa jù ni pé àlàfo wà láàrin férémù kan sí èkejì. Bí ẹ bá ti ṣí ìdérí, gbogbo ilé ló ṣí sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, gbogbo onílé ló sì máa jáde wá kí yín.

Ẹ̀kẹta ni àpótí Kẹ́ńyà. Láàrin àwọn ọdún 1970 ni wọ́n gbé e jáde ní orílẹ̀-èdè Kẹ́ńyà, pẹ̀lú ìrànlọ́wọ́ àwọn ará Kánádà. Àpótí gígùn kan ni, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ méjèèjì dà gẹ̀rẹ̀ wá sísàlẹ̀ bí ọpọ́n tí a fi ń fún ẹran lómi. Kò ní férémù. Igi tẹ́ẹ́rẹ́-tẹ́ẹ́rẹ́ la tò sórí rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ọ̀kan fara ti èkejì, kò sí àlàfo rárá. A ó máa pè wọ́n ní igi orí. Abẹ́ igi orí kọ̀ọ̀kan ni kòkòrò máa ń so afárá kọ́ sí. Bí ẹ bá gbé igi kan kúrò, ojú ihò tí ẹ ṣí kò ju ti igi kan náà lọ. Kòkòrò tó wà lábẹ́ àwọn igi yòókù lè má tiẹ̀ mọ̀ pé ẹnikẹ́ni wà níbẹ̀.

Lójú tèmi, ẹni tó fẹ́ àpótí méjì sí mẹ́wàá, ti Kẹ́ńyà ni kó kàn. Èmi ò kórìíra Langstroth o. Bí ẹgbẹ́ àjẹsẹ́kù kan bá fẹ́ ní àpótí ogójì, tí wọ́n lè da owó ẹ̀rọ pọ̀, wọn ò ṣìṣe bí wọ́n bá lò ó. Ṣùgbọ́n férémù láìsí ẹ̀rọ, bí ẹní ra ọkọ̀ tí kò lẹ́ńjìnnì ni.

ÍŃṢÌ KAN ÀTI ÌDÁMẸ́RIN

Níbí gan-an ni kí ẹ ti tẹ́tí. Ohun gbogbo tó wà lára àpótí Kẹ́ńyà ló ṣeé fi ojú bù, àyàfi ohun kan ṣoṣo: fífẹ̀ igi orí. Íńṣì kan àti ìdámẹ́rin ni fún kòkòrò ilẹ̀ wa, kò gbọdọ̀ lé, kò gbọdọ̀ dín. Kòkòrò òyìnbó ń fẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ díẹ̀, torí náà bí ẹ bá rí ìwọ̀n mìíràn nínú ìwé àwọn òyìnbó, ẹ má tẹ̀lé e.

Àpótí mẹ́ta àkọ́kọ́ tí èmi fúnra mi ní, íńṣì kan àbọ̀ ni káfíńtà gé igi orí wọn. Ó ní pákó tó wà nílẹ̀ nìyẹn, pé kí ni ìyàtọ̀ ìdámẹ́rin íńṣì láàrin èmi àti kòkòrò. Mo jẹ́ kó lọ bẹ́ẹ̀. Kòkòrò wọ ọ̀kan nínú wọn kó tó pé oṣù kan, inú mi dùn bí ẹni tó gba owó èsúsú. Ìgbà tó di oṣù Kejì tí mo lọ ṣí i wò, afárá lábẹ́ igi kìn-ín-ní wà láàrin gbùngbùn bó ṣe yẹ. Ti igi kẹta ti yẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Láti ìkarùn-ún lọ, afárá ti gun igi méjì mẹ́ta pọ̀, gbogbo rẹ̀ so kọ́ra. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ni pé kòkòrò kò wo igi mi, ìwọ̀n tirẹ̀ ló ń bá lọ. Ìdámẹ́rin íńṣì lórí igi kan, bó bá di igi márùn-ún, ó ti di íńṣì kan àti ìdámẹ́rin, ìyẹn ààyè afárá kan gbáko.

Mo fi agídí fa igi kan sókè. Afárá mẹ́ta ló ya lulẹ̀ nínú àpótí, ọmọ àti oyin dà pọ̀, ọ̀pọ̀ kòkòrò sì kú sínú oyin. Àwọn tó kù tú jáde. Èmi ríbi sá sí, ṣùgbọ́n ewúrẹ́ aládùúgbò mi wà lórí okùn nítòsí, kò ríbi sá. Mo san owó ewúrẹ́ náà, mo sì tọrọ àforíjì lójú àwọn àgbààgbà. Nígbà tó fi máa di ọjọ́ kẹfà, àpótí ti ṣófo, èèrà nìkan ló kù nínú rẹ̀. Ìdámẹ́rin íńṣì ni mo fi ra gbogbo ìyẹn.

Bí ẹ ó ṣe dán iṣẹ́ káfíńtà wò kí ẹ tó sanwó rèé: ẹ kó igi orí mẹ́jọ, ẹ tò wọ́n sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn lórí ilẹ̀ títẹ́jú, kí wọ́n fara kanra dáadáa, kí ẹ wá fi tépù wọ̀n wọ́n. Íńṣì 10 géérégé ni kó jẹ́. Bó bá lé tàbí tó dín, kó tún wọn fá. Pákó tó ti gbẹ ni kó lò, torí pákó tútù á sún kì lẹ́yìn oṣù méjì, ìwọ̀n á sì tún yí padà.

Gígùn igi orí jẹ́ íńṣì 19. Lábẹ́ igi kọ̀ọ̀kan, kí káfíńtà fi ayùn fa ilà kan láàrin gbùngbùn láti òpin kan sí èkejì, kó má jìn. Ẹ ó da ìda yíyọ́ sínú ilà yẹn, òun ló máa fi han kòkòrò pé ibí ni kó ti bẹ̀rẹ̀. Inú àpótí fẹ̀ tó íńṣì 17 lókè àti bíi íńṣì 7 àbọ̀ nísàlẹ̀, ó jìn tó íńṣì 12. Gígùn inú rẹ̀ jẹ́ íńṣì 35 àti díẹ̀ kí igi orí 28 lè kún un. Ní ìdí ògiri iwájú, kí ó dá ihò bíi mẹ́fà tí kòkòrò á máa gbà wọlé, tí kò fẹ̀ ju ohun tí kòkòrò lè gbà lọ, kí alángbá àti eku má baà bá a wọlé.

Ní ti pákó, arère rọrùn láti gé ṣùgbọ́n ikán àti òjò kì í fi í sílẹ̀. Ìrókò lágbára, ó sì wọ́n. Ẹ lo èyí tí apá yín ká, kí ẹ kun ara àpótí níta nìkan. Ẹ má fi ọ̀dà tàbí oògùn ikán kan inú rẹ̀ rárá, kòkòrò kò ní dé ibẹ̀, bó bá sì dé, oyin rẹ̀ kò ní ṣeé jẹ. Páànù ni kí ẹ fi bo orí, kí ẹ tẹ́ koríko gbígbẹ tàbí imọ̀ ọ̀pẹ sórí rẹ̀ nítorí ooru.

OHUN TÓ YẸ KÍ Ẹ NÁWÓ SÍ

Bí owó yín kò bá tó nǹkan, orí ẹ̀rọ èéfín ni kí ẹ ná an sí. Agolo tó ní fèrè ni, tí a fi ń fẹ́ èéfín sí kòkòrò kí ara wọn lè rọ̀. Kùùkù àgbàdo gbígbẹ, háhá àgbọn tàbí ìgbẹ́ màlúù gbígbẹ ni kí ẹ dáná sí nínú rẹ̀. Ẹ má lo kẹrosíìnì, ẹ má lo rọ́bà, ẹ má lo ọ̀rá.

Aṣọ ìdáàbòbò kò dandan kó jẹ́ èyí tí wọ́n ń tà ní ìlú ńlá. Télọ̀ yín lè rán an láti ara aṣọ tó nípọn, kó jẹ́ funfun tàbí àwọ̀ kàkí. Aṣọ dúdú àti aṣọ onírun máa ń mú inú bí wọn. Fìlà onígbèéjá tí a rán àwọ̀n mọ́, ìbọ̀wọ́ rọ́bà tó gùn, bàtà òjò. Ẹ ta okùn mọ́ ọrùn ọwọ́ àti ẹnu ṣòkòtò, torí bí kòkòrò kan bá ráyè wọlé, àwọn ogún á tẹ̀lé e. Ó ku ọ̀bẹ pẹlẹbẹ kan, ìyẹ́ adìyẹ ńlá tí ẹ ó fi gbá kòkòrò kúrò lára afárá, àti bọ́kẹ́ẹ̀tì funfun méjì tó ní ọmọrí. Bọ́kẹ́ẹ̀tì ọ̀dà tàbí kẹ́ẹ̀gì tó ti gba oògùn oko rí kò yẹ fún oyin, kódà bí ẹ fọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀mẹwàá.

GBÍGBÉ E KALẸ̀ ÀTI PÍPE KÒKÒRÒ

Kí àpótí jìnnà sí ilé, ọ̀nà, ilé ẹ̀kọ́ àti ibi tí ẹran ń so sí, ó kéré tán ìrìn ìgbésẹ̀ 300. Abẹ́ ìbòòji ni, kí omi sì wà nítòsí. Bí kò bá sí, ẹ gbé agbada omi kalẹ̀, kí ẹ kó òkúta sí i kí kòkòrò ríbi bà lé. Kí ẹsẹ̀ àpótí ga tó ìbàdí, kí ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan dúró nínú agolo tí ẹ bu ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì tó ti dúdú sí. Ẹ máa gé koríko tó bá fara kan àpótí, torí afárá ni koríko yẹn jẹ́ fún èèrà láti fi sọdá. (Afárá odò ni mo wí o, kì í ṣe ti oyin.)

Láti oṣù Kẹwàá sí oṣù Kíní ni ọ̀wọ́ kòkòrò tó ń wá ilé máa ń pọ̀. Kí àpótí ti wà nílẹ̀ ṣáájú àkókò yẹn. Ẹ fi ìda yíyọ́ pa ilà abẹ́ igi orí, ẹ sì lè fi ewé tíì ra inú àpótí. Bí oṣù méjì bá kọjá tí kòkòrò ò wọ̀ ọ́, ẹ ṣí i, ẹ lé alángbá àti aáyán jáde, ẹ tún ìda pa, tàbí kí ẹ gbé e lọ síbòmíràn. Ẹ má bínú sí i. Àpótí tí kò rí onílé ní abẹ́ mángòrò lè rí i lọ́sẹ̀ kan tí ẹ bá gbé e lọ sídìí kajú.

ṢÍṢÍ WÒ ÀTI ÌKÓRÈ

Ìrọ̀lẹ́, nígbà tí oòrùn bá ti ń wọ̀, ni kí ẹ máa ṣiṣẹ́ nídìí àpótí. Bí ilẹ̀ bá ti ṣú, ẹ fi ọ̀rá pupa bo ojú tọ́ọ̀ṣì, kòkòrò kì í rí iná pupa. Ẹ má dá lọ. Ẹ fẹ́ èéfín sí ẹnu ọ̀nà, ẹ dúró díẹ̀, kí ẹ tó ṣí orí. Ìdí àpótí, ìyẹn òpin tó jìnnà sí ẹnu ọ̀nà, ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀, torí apá ẹnu ọ̀nà ni ọmọ wọn máa ń wà, oyin sì wà lẹ́yìn. Bí ẹ bá gbé igi orí sókè, kí afárá máa fì wálẹ̀ lóòró. Ẹ má dà á délẹ̀ bí àwo, ìda tútù ni, kò ní okùn nínú, á ya.

Lóṣù Kejì sí Kẹrin ni ọ̀pọ̀ oyin wa máa ń gbó, ṣùgbọ́n ojú afárá ni kí ẹ wò, ẹ má wo kàlẹ́ńdà. Afárá tí kòkòrò ti fi ìda funfun dé lójú, ó kéré tán ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin rẹ̀, òun ló gbó. Èyí tí ojú rẹ̀ ṣí sílẹ̀ ṣì ní omi púpọ̀ nínú. Ìlànà oúnjẹ àgbáyé ni pé omi inú oyin kò gbọdọ̀ ju ìdá 20 nínú 100 lọ. Bó bá ti jù bẹ́ẹ̀, oyin náà á hó nínú ìgò, oníbàárà á sì rò pé ẹ bu omi sí i. Ẹ gé afárá sínú bọ́kẹ́ẹ̀tì, ẹ fi bíi ìka kan sílẹ̀ lábẹ́ igi kí kòkòrò fi bẹ̀rẹ̀ òmíràn, ẹ dé bọ́kẹ́ẹ̀tì kíá, ẹ dá igi padà sáyè rẹ̀.

Ìgbà wo ni kí ẹ dúró? Ibi tí ẹ bá ti rí afárá àkọ́kọ́ tó ní ọmọ tàbí ìyẹ̀fun òdòdó nínú, ẹ dúró níbẹ̀. Kí ẹ sì fi afárá oyin mẹ́ta ó kéré tán sílẹ̀ fún wọn. Mo mọ̀ pé èyí ló máa ń ṣòro jù, nítorí ojú ti rí i, ọwọ́ sì ti kàn án. Ṣùgbọ́n láti oṣù Kẹfà sí Kẹsàn-án, nígbà tí òjò ń rọ̀ tí òdòdó sì ṣọ̀wọ́n, afárá mẹ́ta yẹn ni wọ́n máa jẹ. Ẹni tó bá kó gbogbo rẹ̀ lóṣù Kẹrin, àpótí òfìfo ni yóò máa ṣọ́ lóṣù Kẹjọ.

Bí kòkòrò bá ta ẹnì kan, ẹ fi èékánná họ abẹ́rẹ́ rẹ̀ kúrò lójú ẹsẹ̀, torí oró ṣì ń wọlé níwọ̀n ìgbà tó bá wà lára. Bí ojú tàbí ọ̀fun ẹni náà bá wú, tí kò lè mí dáadáa, tàbí tó dákú, ilé ìwòsàn ni kí ẹ gbé e lọ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Kì í ṣe ohun tí à ń fi àgbo dánwò.

Nílé, ẹ fọ́ afárá, ẹ fi aṣọ funfun mímọ́ sẹ́ oyin rẹ̀, kí ẹ bò ó mọ́jú. Ẹ má gbé e kaná. Pàǹtí tó kù, ẹ sè é nínú omi, ẹ sẹ́ ẹ, ìda á léfòó, á sì dì bó bá tutù. Ẹ tọ́jú nínú ìda yẹn fún igi orí àpótí tuntun, kí ẹ tó ta ìyókù.

Nígbà òjò, ẹ máa lọ wo àpótí lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀ méjì láti ìta nìkan: ṣé omi òjò ti kún agolo ọ́ìlì, ṣé páànù ń jò, ṣé kòkòrò ṣì ń wọlé tó ń jáde. Bí wọ́n bá ti dínkù gan-an nìkan ni kí ẹ ṣí i, kí ẹ yọ afárá òfìfo tí wọn ò lè bò mọ́ kúrò, torí inú rẹ̀ ni labalábá òru tí ń jẹ ìda máa ń yé sí. Bí aládùúgbò yín bá sì fẹ́ fín oògùn sí ẹ̀wà tó ti yọ òdòdó, ẹ bẹ̀ ẹ́ kó ṣe é lálẹ́ nígbà tí kòkòrò ti wọlé. Ẹ mú oyin díẹ̀ dání lọ.